Olùdámọ̀ràn Tí Kò Dá Mi Nímọ̀ràn

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpéjọpọ̀ àwọn ọmọ Ìṣẹ̀ṣe ní ìlú London

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera ọkàn. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ohun tí ojú mi rí ni n óò sọ.

Nígbà tí ìyá mi papò dà, n kò lè lọ sílé, nítorí pé ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Olórìṣà ni ìyá mi. Ọ̀ṣun ni ó sìn títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n mi pinnu pé ìsìnkú ti ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn yóò ṣe. Wọ́n bi mí lórí fóònù bóyá mo fara mọ́ ọn. Mo dákẹ́, nítorí pé n kò fẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀ lórí òkú. Mo jókòó nínú yàrá mi ní London níhìn-ín, mo ń wò ó lórí fóònù bí wọ́n ti ń sìn ín ní ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ kò yàn, n kò sì fọhùn.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Mo ń lọ sí ibi iṣẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń wá sí àárín yín, mo sì ń jó. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bàbá mi nínú Ifá dá Ifá fún mi, mo sì rúbọ bí ó ti yẹ. Bàbá náà ni ó wá sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ẹbọ ti fín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ tí o kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wá ẹni tí o máa sọ ọ́ fún."

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, kò sì rọrùn fún mi láti máa lọ jókòó ní ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí mo fi wá olùdámọ̀ràn tí a ó máa bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti pe ara rẹ̀ ní olùdámọ̀ràn. Nítorí náà, mo kọ́kọ́ wo orúkọ obìnrin náà nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ BACP kí n tó kọ̀wé sí i.

Ọ̀nà tí ó ń tẹ̀lé ni èyí tí Carl Rogers ará Amẹ́ríkà là sílẹ̀. Ọdún 1902 ni wọ́n bí Rogers, ó sì kú ní ọdún 1987. Ó gbà pé agbára láti dàgbà wà nínú ènìyàn fúnra rẹ̀. Ó rántí ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n kó pamọ́ sí yàrá abẹ́ ilé wọn nígbà èwe rẹ̀: nínú òkùnkùn, wọ́n yọ èéhù funfun tí ń na ara lọ sí ojú fèrèsé. Ẹni tí ó bá ti rí iṣu tí ó hù nínú àká yóò mọ ohun tí ó ń sọ. Ní ọdún 1957, ó kọ̀wé nípa ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà kí ènìyàn tó lè yí padà. Mẹ́ta nínú wọn wà lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn: kí ó jẹ́ olóòótọ́, kí ó má fi ipò rẹ̀ bojú, kí ó gba ẹni náà tọwọ́tẹsẹ̀ láìdúró kí ó kọ́kọ́ tún ìwà ṣe, kí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí nínú ọkàn ẹni tí ó ni ín.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a jọ ṣe àdéhùn: àádọ́ta ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ohun tí a ó ṣe bí ẹ̀rọ bá já, ẹni tí yóò pè bí ẹ̀mí mi bá wà nínú ewu. Ògiri ilé wa kò nípọn, nítorí náà inú ọkọ̀ mi ni mo ti máa ń bá a sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, inú bí mi. Mo bi í pé, "Ṣé kí n kojú àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni, àbí kí n gbàgbé?" Ó dáhùn pé, "Ó jọ pé ẹ ń wá ẹni tí yóò gba ẹrù yìí lọ́wọ́ yín." Mo ní lọ́kàn mi pé, ṣé èyí ni mo ń sanwó fún? Olùdámọ̀ràn ni a ń pè wọ́n ní èdè wa. Orúkọ náà ni ó ṣì mí lọ́nà. Obìnrin yìí kò dá mi nímọ̀ràn kankan.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ni àwòrán dúró gbagidi. Nígbà tí ó padà, ó ní, "Ẹ má bínú, n kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn. N kò sì fẹ́ díbọ́n pé mo gbọ́." Ó wá ní kí n tún un sọ ní èdè tí n óò fi sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo sọ ọ́: "Ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Mo dákẹ́." Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó dúró tì mí. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó bi mí pé, "Kí ni ẹ̀yin gbọ́?" Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń bínú sí jù, bí kò ṣe ìdákẹ́jẹ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Mo ní ẹ̀bi mi ni pé mo dákẹ́, mo sì sọ fún un pé ohun tí wọ́n ṣe dùn mí. Ó pẹ́ kí ó tó fọhùn. Ó ní, "Idẹ ìyá wà lọ́dọ̀ mi. N kò ju ohunkóhun nù." A kò tíì fẹnu kò lórí ètùtù, ṣùgbọ́n mo ti ń sùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ yìí kò gba iṣẹ́ Ifá ṣe. Ifá bá mi sọ̀rọ̀. Obìnrin yẹn jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ara mi. Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ o: ẹni tí ó bá ń gbèrò láti pa ara rẹ̀ lálẹ́ òní kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ìpàdé. Kí ó pe 999, tàbí kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ ẹ̀yin àgbà. Bí ọmọ yín bá gbé ìbànújẹ́ wá bá yín, kí ìmọ̀ràn tó jáde lẹ́nu yín, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán. Bàbá mi nínú Ifá gbọ́ ohun tí n kò sọ. Ìyẹn ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Orí wa kò ní gbàbọ̀dè. Ire o. Àṣẹ.