Ogunléndé: Ta Ni Kò Sá Rí ní Èkó?



   

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Àwa àti àwọn ọ̀rẹ́ wa, àgbààgbà bíi tiwa, jókòó ní ojúde, a ń gbọ́ rédíò. Wọ́n sọ nípa àwọn ará Kamẹrúùnù tí ogun ń lé wọ ilẹ̀ wa láti 2017. Ọ̀kan nínú wa ní, "Kí wọ́n padà sílé wọn, ìyà tó ń jẹ wá ti tó wa." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, ẹnì kan wà nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín, tí ọmọ rẹ̀ ń wá ibi ìsádi ní Lọ́ńdọ̀nù.

A kò bá wọn jà; awo kì í fi ìbínú dáfá. Ìbéèrè ni a bi wọ́n: ta ni kò sá rí ní Èkó?

Ní 1845, Ọba Akítóyè sá kúrò ní Ìgà Ìdúngànràn, ó gba Abẹ́òkúta dé Àgbádárìgì. Ní 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ìbọn lé Ọba Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọba méjì, ìdílé kan, àwọn méjèèjì di ogunléndé. Bí àwọn tó gbà wọ́n bá ti ní kí wọ́n padà sílé ńkọ́? Àwọn Sàró ti Ọlọ́wọ̀gbówó àti àwọn Àgùdà ti Pópó Àgùdà, oko ẹrú ló kó baba ńlá wọn lọ kí wọ́n tó padà dé. Nígbà Ìfọ́lé ní 1867, àwọn onígbàgbọ́ tí a lé kúrò ní Abẹ́òkúta, Ẹbúté Mẹ́ta ni wọ́n tẹ̀dó sí.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ìyẹn ti pẹ́. A wá sọ ti ara wa.

Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Gánà lé àwọn ènìyàn wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ilé àti ọjà sílẹ̀ sá wálé. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó: ní oṣù kìíní 1983, ìjọba tiwa náà pàṣẹ kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé máa lọ. Ọmọ awo ni wá nígbà náà. Aránbàtà kan, ará Gánà, wà lẹ́nu ọ̀nà olúwo wa. Lọ́jọ́ tó ń di ẹrù rẹ̀, a bá àwọn ẹgbẹ́ wa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàtà wa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó rán an parí, ó gbé e fún wa, kò gba owó. Olúwo wa rí i. Kò nà wá. Ó ní kí a gbé oúnjẹ fún ọkùnrin náà, kí a sì bá a ru ẹrù rẹ̀ dé ìdíkọ̀. "Ẹ ṣé" nìkan ni ó sọ fún wa. Ó ń dùn wá títí dòní.

Ẹni tó bá wá dáfá, a kì í bi í ní ìlú rẹ̀ kí a tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé kò tó, owó kò tó, ìjọba sì ní òfin lórí ẹni tí yóò wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í ṣe òfin. Ìwà pẹ̀lẹ́ kò ní kí a máa fi ìpọ́njú ọmọ ẹlòmíràn ṣẹ̀rín.

Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ yín bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bú u. Ẹ bi í léèrè ibi tí baba ńlá rẹ̀ ti wá, àti ẹni tó gbà á sílé. Ọ̀rẹ́ wa tí ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò fèsì lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ó wá bá wa, ó ní kí a bá òun dáfá fún ọmọ òun, kí ó lè rí ẹni gbà á.

Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí a rí ogun tí yóò lé wa nílé. Bí a bá sì bọ́ sójú ọ̀nà, kí a bá aláàánú pàdé.

Àṣẹ. Ọdún á yabo.