Atukọ̀ Òfúrufú àti Awakọ̀ Ojú Títì

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará OPIC Estate àti agbègbè rẹ̀ sọ nínú yàrá ìkàwé wọn)

  Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti ibi iṣẹ́ dé tààrà láìtíì jẹun, nítorí náà n kò ní dá yín dúró ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìró méjì ni ẹni tí ó ń gbé apá ibí máa ń gbọ́ tọ̀sán tòru. Èkíní ni ìró ọkọ̀ òfúrufú tí ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìkẹjà. Èkejì ni ìró òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978, tí kò sì tíì sùn láti ọjọ́ náà wá. Láàárín ìró méjèèjì yìí ni ìbéèrè kan ti bá mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń wa bọ́ọ̀sì láti Berger sí Mowe ni ó bi mí. Ó ní: “Bàbá, ẹ wò ó, atukọ̀ òfúrufú a máa bá àwọn ará ilẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, a máa wo oríṣìíríṣìí aago níwájú rẹ̀, a máa kọ̀wé, a tilẹ̀ máa mu tíì. Kò sí ẹni tí ó mú un. Ṣùgbọ́n bí èmi bá fi fóònù sétí fún ìṣẹ́jú kan péré, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó a dá mi dúró. Ṣé orí tiwọn ni ó pé ju tiwa lọ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Èsì rẹ̀ ni mo mú wá lónìí.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, orí atukọ̀ kò pé ju orí awakọ̀ lọ. Ọmọ ènìyàn ni àwọn méjèèjì, ọkàn ọmọ ènìyàn kò sì lè tẹjú mọ́ ohun méjì tí ó le lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a ń pè ní ṣíṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, fífò láti orí ọ̀kan dé orí èkejì ni. Ọkàn a fò kúrò lórí èyí, a bà lé tọ̀hún, a tún fò padà, bí ẹyẹ ẹ̀ga lórí ọ̀pẹ. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá sì wà lórí èkejì, kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ èkíní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1972. Ọkọ̀ òfúrufú ilé-iṣẹ́ Eastern Air Lines kan ń ti New York lọ sí Miami ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tuntun ni. Ènìyàn 176 ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá atukọ̀ náà, Robert Loft, ti fò fún wákàtí tí ó sún mọ́ 30,000 ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí wọ́n ti fẹ́ balẹ̀, wọ́n na táyà sílẹ̀, ṣùgbọ́n iná aláwọ̀ ewé kékeré tí ó yẹ kí ó tàn láti fi hàn pé táyà iwájú ti jáde kò tàn. Wọ́n bá tún gòkè lọ sí 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n fi ọkọ̀ lé ẹ̀rọ tí ń fúnra rẹ̀ tukọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì dojú kọ iná náà. Ọ̀kan yọ ìdí gílóòbù rẹ̀, kò wọlé dáadáa mọ́. Òmíràn sọ̀kalẹ̀ sínú ihò tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ láti lọ fi ojú ara rẹ̀ wo táyà.

Ó dà bí ẹni pé láàárín èyí ni ẹnìkan fara kan ọwọ́ ìtukọ̀ láìmọ̀, ẹ̀rọ náà sì jọ̀wọ́ gíga tí ó yẹ kí ó dì mú. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni. Agogo ìkìlọ̀ dún nínú yàrá atukọ̀. Kò sí ẹni tí ó kà á sí. Ẹni tí ó ń ṣọ́ wọn láti ilẹ̀ rí i pé gíga wọn ti lọ sílẹ̀, ó bi wọ́n bí nǹkan ti ń lọ. Èsì tí wọ́n fún un kò fi hàn pé wọ́n mọ ohun tí ó ń bọ̀. Kí ó tó di ọ̀gànjọ́, ọkọ̀ náà ti já sínú irà Everglades. Ènìyàn 101 ni ó kú. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé táyà iwájú ti jáde láti ìbẹ̀rẹ̀. Gílóòbù ni ó jó.

Ẹ rò ó wò. Ènìyàn mẹ́rin ni ó wà ní iwájú ọkọ̀ náà, gbogbo wọn ni ó sì mọṣẹ́. Wọn kò mutí. Wọn kò sùn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, gílóòbù tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ó sì gba ojú gbogbo wọn pátá. Bí ó bá jẹ́ pé eré ni wọ́n ń ṣe ni, ìbá rọrùn fún wa láti bá wọn wí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà ń balẹ̀ nínú kùrukùru ní Charlotte. Ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àlòkù ni àwọn atukọ̀ ń sọ bí wọ́n ti ń bọ̀ wálẹ̀. Wọn kò dé orí pápá. Ó lé ní 70 ènìyàn tí ó kú. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní 1981, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti tẹ̀ lé. Òfin náà ni pé níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nísàlẹ̀ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí í ṣe nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sókè, tí ó ń gbéra tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀, àwọn atukọ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kankan, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun tí kò bá jẹ mọ́ ìtukọ̀ náà. Kò sí àwàdà, kò sí oúnjẹ, kò sí ìwé ìròyìn. Tíì tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sọ, òkè réré ni wọ́n ti ń mu ún.

Òkè réré náà sì ní àánú tirẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ọkọ̀ Northwest Airlines kan gbéra láti San Diego lọ sí Minneapolis. Nígbà tí wọ́n dé 37,000 ẹsẹ̀ bàtà, atukọ̀ méjèèjì ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn, wọ́n sì ń jíròrò lórí ètò iṣẹ́ wọn. Ó ju wákàtí kan lọ tí wọn kò fi dá àwọn ará ilẹ̀ lóhùn. Wọ́n kọjá ìlú tí wọ́n ń lọ ní nǹkan bí kìlómítà 240, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àlọ àti àbọ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kan tí ó pè láti béèrè ìgbà tí wọn yóò balẹ̀ ni ó mú ojú wọn là. Wọ́n yí padà, wọ́n balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí kan láìbójú tó ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí ó kú! Ta ni nínú wa tí ó lè pa ojú dé fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ní Ibafo?

Ọkọ̀ tí ó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bí mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láti ka àtẹ̀jíṣẹ́ ti rin mítà 140 láìríran, ó ju pápá bọ́ọ̀lù lọ láti gọ́ọ̀lù dé gọ́ọ̀lù. Kí ni ó sì máa ń wà nínú mítà 140 ní ọ̀dọ̀ tiwa? Ní Kara, màlúù àti àgbò. Ní Ibafo àti Mowe, ìyá tí ó gbé ẹrù lérí tí ó ń sọdá, ọ̀kadà tí ó ń bọ̀ ní òdì ọ̀nà, dánfó tí ó dúró lójijì nítorí èrò kan ṣoṣo, tírélà tí ó bàjẹ́ sójú ọ̀nà láìsí àmì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Lójú òfúrufú, kìlómítà ni a fi ń ya ọkọ̀ kan sí èkejì. Láàárín awakọ̀ àti ọlọ́kadà òdì ọ̀nà, ó lè má ju ìwọ̀n apá kan lọ.

Èsì mi fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìyí: awakọ̀ kò ní 10,000 ẹsẹ̀ bàtà. Láti ìgbà tí ó bá ti gbéra ní Berger títí yóò fi dúró ní Ṣágámù, ó wà ní ibi tí atukọ̀ wà nígbà tí ó ń balẹ̀, ibi tí a ti ka ọ̀rọ̀ léèwọ̀ fún atukọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé atukọ̀ ní igbákejì àti ìwé ìtọ́nà. Òtítọ́ ni, nígbà tí a bá lò wọ́n. Àwa tí a ń gbé apá ibí kò gbàgbé ọkọ̀ Dana tí ó já sí Ìjú-Ìṣàgá ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ẹ̀rọ kan pàdánù agbára, lẹ́yìn náà èkejì. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé àwọn atukọ̀ kò lo ìwé ìtọ́nà bí ó ti yẹ, wọn kò sì yà sí pápá tí ó sún mọ́ wọn. Ètò ni a fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ fífò: kọ́kọ́ tu ọkọ̀, lẹ́yìn èyí, mọ ibi tí o wà, lẹ́yìn èyí ni kí o tó sọ̀rọ̀. Bí ará ilẹ̀ bá pè é nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dí, “Dúró ná” ni yóò wí, ẹnikẹ́ni kò sì ní bínú.

Awakọ̀ náà lè ní igbákejì. Èrò tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà, tí David Strayer wà lára wọn, fi awakọ̀ tí ó ń bá èrò inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀ wé awakọ̀ tí ó ń bá ẹni orí fóònù sọ̀rọ̀. Èrò inú ọkọ̀ ń rí ọ̀nà: ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa yí sí ohun tí ó wà níwájú wọn. (Mo mọ̀ pé èrò mìíràn wà tí yóò bá awakọ̀ jà nítorí ṣéńjì láti Mowe títí dé Berger. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe igbákejì ẹnikẹ́ni.) Ẹni orí fóònù kò rí nǹkan kan. Àwọn olùwádìí wọ̀nyí ti kọ ọ́ ní 2006 pé ẹni tí ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nídìí ọkọ̀ kò sàn ju ẹni tí ó ti mutí dé ìwọ̀n tí òfin Amẹ́ríkà kọ̀, ìbáà di fóònù mú, ìbáà má dì í mú. Kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni ó ń wakọ̀.

Mo ti wá dé ibi tí ó ṣòro fún mi láti sọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn, òun àti ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mo pè é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàtàkì. Mo fẹ́ kí ó bá mi ra iṣu ni. Ó gbé fóònù nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo jẹ́. Ta ni ó máa jẹ́ kí ìpè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa dún lásán? Mo gbọ́ tí ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bọ̀dá mi.” Mo gbọ́ igbe ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ariwo irin. Tírélà kan ni ó dúró níwájú wọn. Wọ́n yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àbúrò mi kò ká mọ́ títí di òní. Kò bú mi rí. Ìbá sàn fún mi bí ó bá bú mi. Àwọn tí ó wá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí orúkọ tirẹ̀; kò sí ibi tí orúkọ tèmi wà nínú ìwé wọn.

Òfin ojú pópó ti 2012 ka fóònù léèwọ̀ fún awakọ̀, ó sì tọ́ kí àwọn Ẹ̀ṣọ́ máa mú ẹni tí ó bá rú u. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí kì í wakọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ń pe àwọn tí ń wakọ̀. Ní ilẹ̀ wa, ọmọdé kò lè sọ fún àgbà pé “Dúró ná”. Àgbà ni ó gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ́.

Ní báyìí, bí mo bá pe ẹnikẹ́ni, kí n tó kí i, mo ti bi í pé, “Ṣé o wà nídìí ọkọ̀?” Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti pa fóònù. Àna mi kan bínú gidigidi sí èyí, ó ní mo gé ọ̀rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu bí ẹni pé òun jẹ mí ní gbèsè. Mo mú obì lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, mo sì ṣe àlàyé. Ó gba obì náà. Ní ọjọ́ kejì mo tún pè é, ó wà lórí márosẹ̀, mo sì tún pa á.

 Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, mo wà níbí.