Akànṣẹ́ tí Kò Gbọ́ Ti Olùkọ́ Rẹ̀ Mọ́

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Rẹ́mọ)

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ lónìí lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ẹ ti máa ń gbọ́ ní irú àpéjọ báyìí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ẹ̀ṣẹ́ kíkàn wá ṣe láàárín wa, kí ó rántí ẹni tí àwọn ọmọdékùnrin Ṣágámù ń pè ní tiwọn. Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣágámù wá, gba wúrà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2012. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń fi ojú inú wo ara wọn nínú ìbọ̀wọ́ akànṣẹ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ọmọ fẹ́ dà bí ẹni tí ó yọrí. Ohun tí ó yẹ kí á bi ara wa ni pé, kí ni ó máa ń pa irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ?

Àwọn ènìyàn yóò tètè dáhùn pé ìgbéraga ni, wọn yóò sì tọ́ka sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Èmi kò gbà pé ariwo ẹnu ni àrùn náà. Ẹ wo Muhammad Ali, ẹni tí ó ṣe àbẹ̀wò sí Nàìjíríà ní 1964, ọdún kan náà tí ó gba bẹ́líìtì àgbáyé lọ́wọ́ Sonny Liston. Ta ni ó fọ́nnu tó o nínú gbogbo akànṣẹ́ ayé? Síbẹ̀, Angelo Dundee tí ó di olùkọ́ rẹ̀ ní 1960 ni ó ń jókòó ní igun rẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ìfọ́nnu Ali jẹ́ ọjà tí ó ń polówó. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí kò sí oníròyìn tí ó ń wò ó, ó ń sáré ní títì. Ọjọ́ tí òun náà wá rò pé orúkọ òun nìkan tó láti fi jà, ojú rẹ̀ rí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 1978, kò múra dáadáa de Leon Spinks, ọmọ tí kò tíì ja ju ìjà méje lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà, Spinks sì gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀ ní Las Vegas. Oṣù méje lẹ́yìn náà, Ali ti padà lọ gba ìyà ìgbáradì bí ọmọ iṣẹ́, ó sì gba ohun ìní rẹ̀ padà. Spinks ní tirẹ̀ ti fi oṣù méje náà jayé.

Ìjọra-ẹni-lójú ni orúkọ tí mo fẹ́ pè é, nítorí ó ṣe rẹ́gí ju ìgbéraga lọ. Agbéraga ń wo ẹlòmíràn ní kékeré. Ẹni tí ara rẹ̀ jọ lójú lè má kẹ́gàn ẹnikẹ́ni, ó kàn jẹ́ pé kò tún gbọ́ ohùn mìíràn mọ́ ju tirẹ̀ lọ ni. Ọ̀gbẹ́ni náà lè jẹ́ onísùúrù, kí ó máa kí àgbà, kí ó sì ti dí etí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi iṣẹ́ ọwọ́ wa wé e. Bí ọmọ kan bá kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì ní Ṣágámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ yóò ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. Wọn yóò se oúnjẹ, wọn yóò gbàdúrà, ọ̀gá yóò fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ọmọ náà yóò sì lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kò ní fírídọ̀ọ̀mù. Bí akànṣẹ́ ti wù kí ó gba bẹ́líìtì tó, yóò ṣì nílò ẹni tí yóò dúró sí igun rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò sì jinlẹ̀: kò lè rí ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ tí ó fi ń bo àgbọ̀n rẹ̀ yóò máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dojú kọ ọ́ yóò ti rí i. Àwọn àgbà wa ní ipàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Ìjà bẹ́líìtì àgbáyé jẹ́ abala méjìlá, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni abala kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan péré sì ni ìsinmi tí ó wà láàárín. Inú ìṣẹ́jú kan yẹn ni olùkọ́ yóò ti sọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bí ọkàn akànṣẹ́ bá ti kún fún ara rẹ̀, ìṣẹ́jú náà yóò kọjá, omi nìkan ni yóò sì rí mu níbẹ̀.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá èyí mu jù lọ ni Naseem Hamed, tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Ọba. Wọ́n bí i ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejì 1974. Ará Yemen ni àwọn òbí rẹ̀, Mùsùlùmí ni, kò sì tijú láti fi orúkọ Ọlọ́run sí ẹnu ní gbangba. Inú àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kárí ayé dùn sí i nígbà náà. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé a máa ń rò pé ẹnu tí ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò lè jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ jọ lójú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọmọ ọdún méje ni Naseem nígbà tí ó wọ ilé ìkọ́ṣẹ́ Brendan Ingle, ọmọ ilẹ̀ Ireland kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ingle fa ìlà sí ilẹ̀ ilé náà, orí ìlà wọ̀nyí ni àwọn ọmọ sì ti ń kọ́ bí a ti ń gbé ẹsẹ̀, lójoojúmọ́, títí ẹsẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ni Naseem ti kọ́ ọnà tí ó ya ayé lẹ́nu: ọwọ́ rẹ̀ a wà nílẹ̀ bí ẹni tí ó ń rìn lọ sí ọjà, orí rẹ̀ a yẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ́ pẹ̀lú ìbú ìka kan, ẹ̀ṣẹ́ tirẹ̀ a sì wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí kò gbé ọwọ́ sókè láti bo orí rẹ̀, ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ ni ó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá lọ́ra, kò sí ààbò mọ́.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1995, ó na Steve Robinson ní Cardiff, ó sì gba bẹ́líìtì WBO ní ìpele àwọn akànṣẹ́ tí ara wọn fúyẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Ní oṣù Kejìlá 1997 ó dé New York, Kevin Kelley sì gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó ṣẹ́gun ní abala kẹrin. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìkìlọ̀ ti gbọ́ ọ nínú ìṣubú mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi ọ̀dà kun ògiri tí ó ti sán.

Ọ̀rọ̀ owó wọ àárín òun àti Ingle, nígbà tí 1998 sì fi máa parí, wọ́n ti pínyà. N kò sọ pé Ingle kò ní ẹ̀bi tirẹ̀. Àárín bàbá àti ọmọ pàápàá, owó máa ń dá nǹkan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Naseem rí olùkọ́ mìíràn tí ó lórúkọ, Emanuel Steward ti ìlú Detroit wà lára wọn. Olùkọ́ tí a fi owó pè nígbà tí a ti di ọlọ́lá kò rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tí ó mọ̀ wá nígbà tí a kò tíì ní bàtà. Ẹni àkọ́kọ́ lè bá wa wí, ẹni kejì ń ronú nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2000, orí ẹní tí wọ́n gbé sókè bí ẹni pé ó ń fò ni Naseem gbà wọ ojú ìjà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó ṣe ń wọlé ti wá di ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ju bí ó ṣe ń jà lọ.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 2001 ni ó pàdé Marco Antonio Barrera, ọmọ Mẹ́síkò, ní Las Vegas. Naseem ni àwọn atatẹ́tẹ́ gbà pé yóò borí. Ó wọ àgọ́ ìgbáradì pẹ̀lú ẹran ara tí ó pọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, débi pé àkókò tí ó yẹ kí ó fi kọ́ ọgbọ́n ìjà ni ó fi ń dín ìwọ̀n ara kù. Barrera kò bínú, kò sì kánjú. Ó dúró kí Naseem kọ́kọ́ ju ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ti ṣì, a fi ọwọ́ òsì bá a lórí. Abala méjìlá ni ó fi tún iṣẹ́ kan náà ṣe. Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Barrera ní ìjà náà: 115 sí 112, 115 sí 112, àti 116 sí 111. Naseem tún ja ìjà kan ṣoṣo sí i, ní oṣù Karùn-ún 2002, ó borí, lẹ́yìn náà ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Nínú ìjà 37, ó ṣẹ́gun 36. Wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sí ara àwọn ẹni àgbà iṣẹ́ náà ní 2015. Ìjà kan péré ni ó pàdánù, kò sì padà wá láti tún un ṣe. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju bí mo ti lè sọ lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí á padà sí ilé. Joshua gbé ní ilé ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà èwe rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní 1956, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ bí wọ́n ṣe ń jí ní nǹkan bí agogo márùn-ún ààbọ̀ láti lọ pọn omi. Ní oṣù Kẹfà 2019 ó lọ sí New York pẹ̀lú bẹ́líìtì mẹ́ta ní ìpele àwọn tí ó wúwo jù lọ, láti pàdé Andy Ruiz, ẹni tí wọ́n fi rọ́pò akànṣẹ́ mìíràn, tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, tí gbogbo ènìyàn sì ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Joshua ni ó kọ́kọ́ gbé e ṣubú ní abala kẹta. Ó sáré wọlé láti parí iṣẹ́, kò bo ara, Ruiz sì gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó dá ìjà dúró ní abala keje.

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Oṣù mẹ́fà ni ó wà láàárín ìjà yẹn àti èkejì, inú oṣù mẹ́fà yìí sì ni ẹ̀kọ́ wà. Joshua kò lé olùkọ́ rẹ̀. Ó tún wá àwọn mìíràn kún un, ó sì dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù ní nǹkan bí kílò mẹ́rin ààbọ̀. Ruiz, ọba tuntun, fi nǹkan bí kílò méje kún tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé ní ilẹ̀ Saudi Arabia ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2019, Joshua kò wá láti fi hàn ẹnikẹ́ni pé alágbára ni òun. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ gbọọrọ, ó ń lu, ó ń yẹra, abala méjìlá gbáko. Àwọn kan ní ìjà náà kò dùn. Kí ó má dùn! Ìjọra-ẹni-lójú ìbá ti sọ fún un pé kí ó lọ gbẹ̀san ìtìjú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo, Ruiz ìbá sì tún ti gbé e ṣubú. Ruiz jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé oṣù mẹ́ta ni òun fi ṣe fàájì, òun kò sì gbọ́ràn sí olùkọ́ òun lẹ́nu bí ó ti yẹ. A kì í jẹ oyè àwòdì kí á má lè gbé adìẹ. Títí ọdún 2025 fi parí, kò tún gba bẹ́líìtì àgbáyé kankan.

N kò fẹ́ kí ẹ sọ Joshua di málááíkà. Ní oṣù Kẹjọ 2022, lẹ́yìn tí Oleksandr Usyk nà án lẹ́ẹ̀kejì ní Jeddah, ó ju bẹ́líìtì sílẹ̀ láti orí ojú ìjà, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ní ọjọ́ kejì ó kọ ọ́ fún gbogbo ayé kà pé òun já ara òun kulẹ̀. Ní ìparí oṣù Kejìlá 2025, jàm̀bá ọkọ̀ pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, nítòsí Ṣágámù níhìn-ín. Ọlọ́run dá ẹ̀mí tirẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá ń dárúkọ rẹ̀ láàárín wa, kí ó fi àánú dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa tí a kì í kan ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tí ó lẹ́bùn kì í nìkan ṣe ara rẹ̀ báyìí. Àwa ni a ń ki í, tí a ń bá a jẹun, tí a ń sọ fún un pé olùkọ́ rẹ̀ ń jẹ ẹ́ ní owó, pé ó ti ju ọkùnrin náà lọ. Ẹni tí a ní kí ó fẹ́ ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu. Ẹ̀yin òbí pàápàá, bí olùkọ́ bá bá ọmọ yín wí, ẹ má sáré lọ bá a jà kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ọmọ náà ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, tàbí bọ́ọ̀lù, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ yòówù, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ kí ẹ lọ ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ lọ bá olùkọ́ yín, kí ẹ bi í ní ohun kan tí ẹ ń ṣe tí kò tọ́, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán. Àkókò mi ti pé. Àwọn tí ó ní ìbéèrè, kí wọ́n nawọ́ sókè.