Ẹ Ka Ìwé Inú Páálí: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Tó Ń Jáde ní Awóyè

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń jáde, ẹ kú oríire. Ní ìlú tí òkun ti gbé ilé lọ lójú wa, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti bá òbí kó ẹrù sẹ́yìn nítorí omi, kí ọmọ tó lè kàwé parí girama, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ ṣe é. Orí yín kò ní gbàbọ̀dè.

Wọ́n ní kí n gbà yín níyànjú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ oògùn ni mo sì mọ̀ ọ́n sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni pé kí ẹ máa mọ aburú tó lè bá ire oògùn rìn, kí ẹ tó fi omi gbé e mì.

Tibi-tire la dá ilé ayé, oògùn kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ayédèrú nìkan ni mò ń sọ. Ojúlówó oògùn, tí a lò bó ṣe yẹ ká lò ó, lè ní àléébù. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, ẹ̀jẹ̀ sì ń kárí ara; bó ṣe ń dé ibi tó ń dùn wá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń dé ibi tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè nípa kulorokúìnì. Òun ni gbogbo ilé ń lò sí ibà, títí ìjọba àpapọ̀ fi yí ìlànà ìtọ́jú padà ní ọdún 2005, nítorí pé kòkòrò ibà ti kọ̀ láti kú fún un, tí àwọn oògùn alápapọ̀ bíi artemether-lumefantrine sì gba ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá lo kulorokúìnì nígbà náà á máa họra mọ́jú, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á máa yún un bí ẹni pé kó bọ́ awọ rẹ̀ sọnù. Àwa aláwọ̀ dúdú ló máa ń yún jù. Àwọn kan ju ìyókù sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ibà sì tún gbé wọn dè. Ká ní ẹnìkan ti sọ fún wọn ṣáájú pé yóò yún wọn, wọn ì bá padà lọ bá oníṣègùn kó fún wọn ní òmíràn, dípò kí wọ́n dá ìtọ́jú dúró láàárín ọ̀nà.

Oògùn yìí kan náà ló tún padà wá ní oṣù kẹta ọdún 2020. Àrùn Kòrónà gbòde, Donald Trump tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà yin kulorokúìnì, ni àwọn kan l'Ékòó bá ń sáré rà á, wọ́n ń gbé e mì fúnra wọn. Kò pẹ́ tí àwọn elétò ìlera ìpínlẹ̀ Èkó fi kéde pé àwọn tí kulorokúìnì ti ṣe léṣe ti ń dé ilé ìwòsàn. Àlòjù rẹ̀ ń da lílù ọkàn rú, ó sì lè pànìyàn. Àwọn tó gbé e mì rò pé àwọn mọ̀ ọ́n, torí pé wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti kékeré.

Ẹ tún mọ èyí: oògùn tó gba Lágbájá là lè gbé Làkáṣègbè ṣánlẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá, tó bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lucio Luzzatto, ará Ítálì, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn láti àwọn ọdún 1960. Ẹni tí èròjà náà kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dàgbà láìmọ̀. Àmọ́ tó bá lo oògùn bíi primaquine, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ojú rẹ̀ á di yẹ́lò, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwa nọ́ọ̀sì fi ń bẹ ìyá ọmọ tuntun pé kó má fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Òórùn lásán tó ń lé kòkòrò yẹn lè sọ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta tí G6PD rẹ̀ kò tó di aláìsàn.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé wàyí. Gbogbo yín lẹ ti rí bí a ṣe ń ta oògùn lórí afárá pákó wa. Oníkẹ́míìsì á fi àlùmọ́gàjí gé hóró méjì kúrò lára káàdì. Orúkọ oògùn á wà lára èyí tó kù sọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ náà á wà níbẹ̀. Ìwọ á mú ègé tí kò ní lẹ́tà kan lára lọ sílé. Ìwé pélébé tó wà nínú páálí ńkọ́? Ó ti jù ú nù. Ìwé yẹn gan-an ni wọ́n kọ àléébù oògùn sí, àti ohun tí a kò gbọdọ̀ pa pọ̀ mọ́ ọn.

Àpẹẹrẹ ni pé bí ẹnìkan bá ń lo oògùn Flagyl, tó wá fi ògógóró lé e, èébì lè dá a dùbúlẹ̀, kí àyà rẹ̀ sì máa lù kìkì. Alábùkún tí Jacob Odulate ti Abẹ́òkúta gbé jáde ní ọdún 1918, ásípírìn àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Ó ń lé ẹ̀fọ́rí, ṣùgbọ́n ásípírìn kò bá ẹni tó ní ọgbẹ́ inú mu, a kì í sì í fún ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná. Ní ti tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń lò kí wọ́n lè fa àwọ̀n mọ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ dáadáa. Ó lè fa gìrì, ó lè mú kí èémí falẹ̀ títí yóò fi dá, ọtí á sì tún mú un burú sí i. Èyí tó jẹ́ 200 tàbí 225 mílígíráàmù tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀, NAFDAC, àjọ tó ń ṣàmójútó oògùn ní Nàìjíríà, kò fọwọ́ sí i. Ẹni tí gìrì bá mú nínú ọkọ̀ lójú òkun, ta ni yóò dì í mú?

Ẹni tó wà ní Àkúrẹ́, bí ètè rẹ̀ bá wú lẹ́yìn tó lo oògùn, ọ̀kadà á gbé e dé ilé ìwòsàn. Ní tiwa, ọkọ̀ ojú omi ni títí dé Igbókòdà, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ìbéèrè tí ẹlòmíràn lè fi sílẹ̀ di ìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwa gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀ ṣáájú. Kò sí ọmọ apẹja tó ń wọ òkun láì wo bí ìgbì ṣe ń jà. Ẹ wo oògùn bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo lè gba odindi orílẹ̀-èdè là. Ní ọdún 1957, Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta thalidomide fún àìróorunsùn, àwọn aláboyún náà sì ń lò ó sí èébì àárọ̀. Nígbà tí wọ́n fi kó o kúrò lórí àtẹ ní ọdún 1961, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ti wáyé láì ní apá tàbí ẹsẹ̀ tó pé. Ní Amẹ́ríkà, dókítà obìnrin kan, Frances Kelsey, ló jókòó sí ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí oògùn. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ tà á níbẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó kọ̀, ó ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá pé kì í pa ènìyàn lára. Wọn kò rí ẹ̀rí mú wá. Ààrẹ Kennedy fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní ọdún 1962.

Nítorí náà, ẹ máa béèrè. Kí ni orúkọ oògùn yìí? Àrùn wo ló wà fún? Àléébù wo ló lè ní, èwo ni mo lè fara dà, èwo ni kí n sáré fún? Kí ni n kò gbọdọ̀ jẹ tàbí mu pẹ̀lú rẹ̀? Ẹ̀yin náà, ẹ máa sọ tẹnu yín: pé ẹ lóyún, pé oògùn kan ti bá ara yín jà rí, tàbí pé ẹ ti lo àgbo láàárọ̀. Bí ojú tàbí ètè bá wú, bí èémí bá há, bí awọ bá ń bó, bí ìgbẹ́ bá dúdú, ẹ gbé páálí oògùn dání, ẹ wá wa rí kíá.

N kò ní kí ẹ máa sá fún oògùn o. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó kà pé oògùn rẹ̀ lè fa òòyì, tó wá dá a dúró fúnra rẹ̀, ti ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá tó ju òòyì lọ. Kó sọ fún dókítà, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí ẹ bá sì rí, ẹ jẹ́ kí àwa tó wà nílé ìwòsàn mọ̀. Láti ọdún 2004 ni Nàìjíríà ti dara pọ̀ mọ́ ètò Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣọ́ àléébù oògùn. NAFDAC ló ń gba ìròyìn rẹ̀ lórílẹ̀-èdè wa. Ohun tó ṣe ọmọ Awóyè, bí a kò bá kọ ọ́ ránṣẹ́, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ó lọ sí Òkìtìpupa, Àkúrẹ́, Èkó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé inú páálí, ọ̀pọ̀ ìyá yín kò sì lè kà á. Ẹ̀yin lè kà á. Lálẹ́ òní, kí oníkálukú lọ kó oògùn ilé wọn jáde, kó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní èdè tó gbọ́, kó sì da èyí tí kò ní orúkọ lára nù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fi ìwé tí ẹ kà ṣe nìyẹn. Ẹ máa lọ ní àlàáfíà, ẹ ó sì padà wá gbé ìlú yín ga.