Mọ́tò Ìṣeré Nínú Ẹ̀rọ: Kí Ni Àwọn Ọ̀ta Sọ sí Apá Kejì?

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ìṣeré ni, èyí tí ń sáré nínú tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ, nítorí owó wà nínú rẹ̀, tẹ́tẹ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí a ń gbọ́ tirẹ̀ àti ẹni tí a kì í gbọ́ tirẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Mattel ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn mọ́tò kéékèèké tí wọ́n sọ ní Hot Wheels. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Milestone, tí ó wà ní ìlú Milan ní ilẹ̀ Ítálì, kó àwọn mọ́tò náà sínú géèmù kan tí wọ́n pè ní Hot Wheels Unleashed. Ọdún méjì lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2023, apá kejì rẹ̀ dé, wọ́n sì pè é ní Hot Wheels Unleashed 2: Turbocharged. Ohun tí àwọn tí ń ta géèmù yìí sọ nípa apá kejì náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, ojú àwọn ọ̀dọ́ Festac Town àti Amuwo-Odofin ni n ó sì fi wò ó. Mo ní wọ́n ń ta á, nítorí pé bí a ti ń ta ayò gan-an ni: ọ̀ta wà níbẹ̀, òpè sì wà níbẹ̀.

Ìlú tí a kọ́ nítorí àjọ̀dún ni Festac. A kọ́ ọ láti fi gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn aláwọ̀ dúdú, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Lẹ́yìn náà ni ó di ibùgbé àwọn ìdílé. Wọ́n fi nọ́ńbà pe àwọn òpópónà rẹ̀, wọ́n sì la àwọn ọ̀nà kéékèèké tí kò já síbì kan sáàárín wọn, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kúlósì. Ojú kúlósì wọ̀nyí ni pápá eré ọmọdé. Ibẹ̀ ni a ti ń wọ́ mọ́tò agolo: agolo sàdíìnì tàbí ti mílíìkì ni ara rẹ̀, ìdérí ìgò tàbí sílípáàsì gbígbó tí a gé roboto ni táyà, okùn ni a fi ń fà á. Ẹni tí táyà tirẹ̀ bá yọ lójú eré á jókòó sẹ́bàá gọ́tà láti tún un ṣe. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí à ń pè ní ASPAMDA wà nínú ọgbà Trade Fair lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, kò sì jìnnà sí Festac. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń tajà níbẹ̀ á ti gbọ́ orúkọ ṣọ́kì àti bíréèkì kí ó tó mọ ìwé kà. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sọ pé ọkọ̀ kan kò yí kọ́nà dáadáa, ẹ má kà á sí àròsọ.

Lónìí, ilé géèmù ti gba apá kan nínú iṣẹ́ kúlósì. Yàrá kan ni, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n mélòó kan, páàdì tí ọwọ́ ti pa dán, àti jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Iye eré tí o bá ta ni ìwọ yóò san owó rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni ọba níbẹ̀, n kò ní í tàn yín. Ṣùgbọ́n Hot Wheels ní ìwà kan tí ó bá irú yàrá bẹ́ẹ̀ mu: ènìyàn méjì lè pín ojú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, kí wọ́n sì bá ara wọn sáré láìná kọ́bọ̀ lórí dátà. Níbi tí owó ti ń jáde lápò bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ kì í pẹ́. Géèmù tí kò bá dùn, wọn a ní kí a yọ ọ́ kúrò kí a gbé bọ́ọ̀lù padà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó fa awuyewuye jù lọ nínú apá kìíní, èyí tí n ó pè ní páálí àdìtú. Bí o bá sáré tí o ṣẹ́gun, owó inú géèmù ni wọn yóò fi ta ọ́ lọ́rẹ. Owó yìí ni ìwọ yóò fi ra páálí kan tí o kò mọ ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ kan pàtó ni ìwọ ń wá lójú méjèèjì. O ṣí páálí, ọkọ̀ tí o ti ní tẹ́lẹ̀ ni ó jáde. O tún sáré, o tún rà, òun náà ló tún jáde. Àwọn tí ń ta á ráhùn lórí èyí káàkiri ayé. Nígbà tí apá kejì dé, páálí àdìtú ti lọ. Ṣọ́ọ̀bù ni ó rọ́pò rẹ̀, níbi tí ọkọ̀ wà ní gbangba pẹ̀lú iye rẹ̀, bí ọjà inú rẹ̀ tilẹ̀ ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Lórí èyí, ẹnu àwọn ọ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ kò.

Àwọn kan ní ariwo náà ti pọ̀ jù, nítorí pé a kì í fi owó gidi ra páálí ọ̀hún. Òtítọ́ ni, owó inú géèmù nìkan ni. Síbẹ̀, n kò fara mọ́ wọn. Ẹ wo àyíká wa. Ìsọ̀ tẹ́tẹ́ wà lẹ́bàá ibùdókọ̀, ọ̀dọ́ sì ń fi fóònù ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Òfin kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ta tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ọmọ ọdún mẹ́wàá dúró níwájú páálí àdìtú? Kàlòkàlò ni, bí kọ́bọ̀ kan kò tilẹ̀ kúrò lápò: àyà tí ń lù kìkì, ìrètí pé èyí tí ń bọ̀ ni yóò ṣe é, ìjákulẹ̀, àti ọwọ́ tí ó tún nà. Ìwà ni ó ń kọ́ ọmọ, owó lè wá dé lẹ́yìn ìwà. Ní ọdún 2018, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù sọ pé irú páálí bẹ́ẹ̀, níbi tí a bá ti ń fi owó gidi rà á, tẹ́tẹ́ ni lábẹ́ òfin wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹnu wọn kò kò mọ́. Apá kejì fún ọkọ̀ ní agbára láti fò sókè, àti láti ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì kí ó kọ lu ọkọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú alùpùpù wọlé, àti alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ọkọ̀ tí ó ju 130 lọ ni ó bá jáde, nígbà tí apá kìíní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́ta àti díẹ̀. Àwọn kan yìn ín. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ apá kìíní fẹsẹ̀ mú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ti apá kejì ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Èmi wà lẹ́yìn àwọn tí ó fẹ́ fífò, nítorí pé ẹni tí ọkọ̀ ẹlòmíràn dí lọ́nà kò ní láti máa bẹ̀ ẹ́ mọ́. Yóò fò ni. Wọ́n tún fi ìtàn aláwòrán kún un, nípa àwọn abàmì ẹranko tí ń da ìlú láàmú. Ọ̀pọ̀ ni kò ní sùúrù fún un, n kò sì bá wọn wí.

Ẹ̀sùn kan wà tí ó wúwo lọ́dọ̀ wa ju ti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe géèmù náà lọ. Àwọn kan ní ohun tí a yí padà nínú apá kejì kò tó kí a tún san odidi owó géèmù tuntun. Iye rẹ̀ nígbà tí ó jáde jẹ́ nǹkan bí dọ́là 50. Oṣù kẹfà ọdún 2023 yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, ó sì já wálẹ̀. Nígbà tí géèmù náà fi máa jáde, dọ́là 50 ti kọjá 35,000 náírà, bẹ́ẹ̀ 30,000 náírà ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ nínú òfin nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún ń ta àkójọ ọkọ̀ mìíràn lọ́tọ̀. Nítorí náà, ní Festac, onílé géèmù kan ni yóò rà á, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sì ta á. Bí ẹnu àwọn ọmọ wọ̀nyí bá kọ̀ ọ́, owó onílé géèmù wọgbó. Ìdájọ́ tí ó lè sọ ẹnìkan di onígbèsè, ṣé eré ọmọdé ni?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lọ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn níbẹ̀. Wọn kì í sọ pé nǹkan dára kí wọ́n sì dákẹ́. Ẹnìkejì yóò bi wọ́n léèrè ìdí. Ohun tí à ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí wọ́n ṣe fún eré onítàn àti ìtàn àròsọ nìyẹn, tí wọ́n sì ń sùn lé e lórí. Ṣùgbọ́n abẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ni tiwọn ń parí sí. Àwọn tí wọ́n kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn sílẹ̀ níbòmíràn ni Milan gbọ́ tiwọn. Inú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, ilé ìṣúra egungun ẹran ayé àtijọ́, ilé epo, ilé géèmù àti pápá gọ́ọ̀fù kékeré ni a ti ń sáré nínú apá kejì. Kò sí ọ̀kankan tí ó jọ kúlósì wa. Síbẹ̀, apá méjèèjì fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti la ọ̀nà ìsáré tirẹ̀ kí ó sì fi ṣọwọ́ sí àwọn ẹlòmíràn. Kò sì tilẹ̀ jẹ́ àjèjì pé kí ojú ọ̀nà Èkó wọ inú géèmù: Maliyo Games, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, ti ṣe ti ọlọ́kadà, wọ́n pè é ní Okada Ride.

Ìbéèrè tí mo gbé síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nìyí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kan láti Amuwo-Odofin bá fi èdè Yorùbá kọ àgbéyẹ̀wò géèmù yìí, tí ó sọ èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára nínú apá kejì, tí ó sì gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ṣé ẹ ó gba àròkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ fún un ní máàkì, tàbí ẹ ó ní kí ó lọ kọ òmíràn wá? Olóòtú, ó kù sọ́wọ́ yín.