Ìtọ̀ Tó Ń Dà Lára: Ẹ Má Fi Ìtìjú Bò Ó Mọ́lẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì bá wa sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, ọjà Ọ̀fàdà)

 

Ìtìjú ni kì í jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí. Ẹlòmíì nínú wa, tó bá ti wúkọ́, tó bá rẹ́rìn-ín, tàbí tó gbé àpò ìrẹsì, ìtọ̀ á dà sí i lára. Á wá máa di àkísà mọ́ra, kò sì ní mu omi títí ọjà á fi tú. Kì í ṣe èpè o! Iṣan tó gbé àpò ìtọ̀ ró nísàlẹ̀ ló dẹ̀. Ọmọ bíbí, ọjọ́ orí, ẹrù wúwo, ikọ́ tí ò lọ àti ìgbẹ́ gbígbẹ ló ń fà á.

Àwọn kan bi mí bóyá òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà ń wò ó. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní 2017, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, JAMA, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe fún obìnrin 504 ní ọsibítù 12 ní Ṣáínà. Wọ́n gún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ò ní oògùn nínú nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n fi iná díẹ̀ sí i, ìgbà 18 láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Àwọn yòókù, abẹ́rẹ́ tí ò wọ ara ni wọ́n fi tàn wọ́n. Ìtọ̀ tó ń dà lára àwọn ti àkọ́kọ́ fi gíráàmù 9.9 dín, ti àwọn yòókù, 2.6. Ó dín o, kì í ṣe pé gbogbo wọn gbẹ.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ò kọ́ṣẹ́ náà gún yín. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi gún ẹlòmíì lè kó éèdì àti àrùn ẹ̀dọ̀ ranni. Ẹni tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́, ihò ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló ń dí i, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe ò gba kọ́bọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe jókòó ti ọjà yín, ẹ fún ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ àti ìsó dúró. Ẹ kà á dé 5, ẹ tú u sílẹ̀. Ìgbà 8, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta. Ẹ fún un pọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ẹrù. Ẹ má febi omi pa ara yín.

Tó bá ń ta yín, tàbí tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀, ẹ tètè lọ sí ọsibítù. Ẹ̀ka físíò wà ní ọsibítù ńlá Ṣágámù àti ti Abẹ́òkúta. Wọ́n á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹ sọ ọ́ jáde. Ajé á wọlé o.