Iṣẹ́ Etí: Ọ̀rọ̀ Lórí Eré Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Inú Rédíò

Àwọn kan nínú yín ti bi wá léèrè pé kí ni ọmọlúàbí ń wá nínú ìtàn apànìyàn tí a fi ń ṣeré nínú rédíò. Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì ní sá fún un. Ìdáhùn wa ni pé eré wọ̀nyí ń kọ́ etí níṣẹ́, àti pé ní àdúgbò Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, títí lọ dé Ìgàndó, ẹ̀mí àwọn ọmọdé kan rọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ 20 oṣù October 1930, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àgbà òṣèré kan, William Gillette, ẹni ọdún 77, dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì sọ̀rọ̀ bí Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Conan Doyle. Ìtàn tí wọ́n yàn bá rédíò mu lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọmọbìnrin kan wá sọ fún Holmes pé, ní òru tí arábìnrin òun kú, òun gbọ́ ìsúfèé jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà òun gbọ́ ìró bí ìgbà tí irin bá jábọ́. Ọdún méjì kọjá, ó sì tún gbọ́ ìsúfèé náà nínú yàrá kan náà. Bí ilẹ̀ ti mọ́ ni ó wọ ọkọ̀ tọ Holmes lọ. Ọkọ ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan, ni apànìyàn náà. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ rí i. Etí ni ó tú u fó.

A kò sọ pé gbogbo eré wọ̀nyí ni ó dára o. Èyí tí wọ́n ń pè ní The Shadow, tí Orson Welles fi ohùn rẹ̀ ṣe ní 1937, kò tẹ́ wa lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá lè di àìrí, kí ni yóò tún fi ẹ̀rí ṣe?

Ní Èkó níhìn-ín, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù December 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà mú ohùn láti Lọ́ńdọ̀nù wọ inú ilé àwọn tí ó bá lè san owó rẹ̀. Oko àti abúlé ni Alímọ̀ṣọ́ nígbà náà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa sọ àpótí náà, ṣùgbọ́n eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń tọrọ èsì lọ́wọ́ ẹni. Ta ni nínú yín tí kò tíì pariwo mọ́ rédíò rí pé, “Má ṣílẹ̀kùn o!”? Àwọn ará ilé wa náà mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ í kọ: Cyprian Ekwensi, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Èkó láti 1957, kọ ìtàn ìpànìyàn Yaba jáde ní 1962, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí sì fún wa ní Lápàdé nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969.

Ṣùgbọ́n eré kan wà tí a kò lè gbàgbé. Ní 1947, nígbà tí Ọbabìnrin Mary, ìyá Ọba George kẹfà, pé ẹni 80 ọdún, ilé iṣẹ́ BBC bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ gbọ́. Eré Agatha Christie ni ó yàn. Christie kọ Three Blind Mice, eré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a sì gbọ́ ọ ní ọjọ́ 30 oṣù May ọdún náà. Òun ni ó di The Mousetrap ní 1952, tí wọ́n ń ṣe lórí ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù títí àrùn Kòrónà fi dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ ní 2020. Àṣà ni pé ẹni tí ó bá wò ó kò gbọdọ̀ sọ orúkọ apànìyàn náà, àwa náà kò sì ní sọ ọ́.

Ohun tí a lè sọ ni ibi tí ìtàn náà ti ṣẹ̀ wá. Ní oṣù January 1945, ọmọkùnrin ọdún 12 kan kú ní oko kan ní Shropshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ni ó fi í sọ́dọ̀ àwọn ará oko náà pé kí wọ́n bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ebi àti ìlùkulù ni ó rí níbẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ wò kò ṣe é bí ó ti yẹ, ikú rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n ṣe òfin tuntun nípa ọmọdé ní 1948.

Ẹ̀yin ará, ọmọ olọ́mọ mélòó ni ó wà nínú ilé wa? A mú wọn wá láti abúlé, a ní a óò fi wọ́n sí ilé ìwé. Ilé wa sì fara kan ara wọn, yàrá kọjú sí yàrá. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́ ní ọ̀gànjọ́ òru, a ń gbọ́ ikọ́ aládùúgbò, a ń gbọ́ ìgbà tí ó ń ti ilẹ̀kùn. A ń gbọ́ ọmọ tí ń bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti 2007, ṣùgbọ́n òfin kò ní etí. Àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni a ní in.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Bí ó bá jẹ́ pé mo ṣì í gbọ́ ńkọ́? Ṣé kí n ba aládùúgbò mi lórúkọ jẹ́ ni?” Ẹ̀rù náà tọ́. Holmes pàápàá bi ọmọbìnrin náà bóyá ó lè búra pé òun gbọ́ ìsúfèé àti ìró irin. Kò búra. Ó ní ìjì ń jà ní òru náà, ilé náà sì ti gbó, ó ń dún lọ́tùn-ún lósì, ó ṣeé ṣe kí etí òun tan òun jẹ. Síbẹ̀ ó sọ alẹ́ tí ó jẹ́, ó sọ yàrá tí ó jẹ́, ó sọ ohun tí ó tẹ̀lé ohun, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Holmes àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé náà ní ọjọ́ náà gan-an, wọ́n sì jókòó nínú òkùnkùn, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀.